Ìpè Kì í Dúró De Ìwòsàn: Ìtàn Iṣẹ́ àti Ìpè Láàárín Àwọn Àkàndá Ẹ̀dá ní Ilẹ̀ Yorùbá

Nígbà tí ìjọba ṣí òpópónà ńlá Èkó sí Ìbàdàn ní 1978, oko àti abúlé ló pọ̀ jù ní àyíká Mowe àti Ibafo. Ní 1983 ni ìjọ Redeemed ra ilẹ̀ fún àgọ́ rẹ̀ lẹ́bàá Mowe. Nígbà tó yá, ìjọ MFM náà kọ́ Ìlú Àdúrà sí ìhà Ibafo. Ifo ti dàgbà ṣáájú wọn, nítorí ojú irin tó so Èkó mọ́ Ìbàdàn, èyí tí wọ́n ṣí ní 1901, gba ibẹ̀ kọjá lọ sí Abẹ́òkúta. Lónìí, agbègbè yìí ti di ibi tí ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ń wá láti pàdé Ọlọ́run. Ní ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ àti ọjọ́ Àbámẹ́ta àkọ́kọ́ nínú oṣù, ọkọ̀ a máa tò lọ bẹẹrẹ. Nínú àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀, a máa rí afọ́jú tí ọmọ rẹ̀ di ọ̀pá rẹ̀ mú, a máa rí arọ lórí kẹ̀kẹ́, a sì máa rí ìyá tó mú ọmọ rẹ̀ adití wá.

Ìwòsàn ni wọ́n ń wá. Àwa náà gbàgbọ́ pé Jésù ń wo ènìyàn sàn, àpilẹ̀kọ yìí kò sì wá láti jiyàn lórí èyí. Ìbéèrè tirẹ̀ yàtọ̀. Nígbà tí ọjọ́ Ajé bá dé, tí ẹni tó wá sí àgọ́ ti padà sílé, tàbí tó ti gba yàrá kan sí Mowe bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe, tí ojú rẹ̀ kò sì tíì là, kí ni pásítọ̀ rẹ̀ ní láti bá a sọ nípa iṣẹ́ tí yóò fi ayé rẹ̀ ṣe? Ìjọ Ọlọ́run ní ilẹ̀ wa ti dáhùn ìbéèrè yìí ní oríṣiríṣi ọ̀nà láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ló sì ti sọ irú ènìyàn tí àkàndá ẹ̀dá yóò dà láàárín wa.

Ẹni òrìṣà àti amúkùn-ún tó ru ẹrù

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Samuel Johnson, pásítọ̀ ìjọ Áńgílíkà ní Ọ̀yọ́, kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, pé àwọn baba wa ka àfín, aràrá, abuké, arọ àti àwọn mìíràn bẹ́ẹ̀ sí ẹni ọ̀wọ̀ fún Ọbàtálá. Ẹni òrìṣà ni wọ́n ń pè wọ́n. Àwa tí a mọ Kristi kò lè gba ẹ̀kọ́ yẹn mọ́, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a wo ohun tó wà nínú rẹ̀ dáadáa. Ó fún ẹni náà ní ààyè, nítorí ẹ̀rù òrìṣà kì í jẹ́ kí a fi í ṣẹ̀sín. Síbẹ̀, ààyè tí ó fún un ti wà nílẹ̀ kí a tó bí i. Kò sí ẹni tó bi í pé kí ni ó fẹ́ ṣe. Ìrísí ara rẹ̀ ti dáhùn fún un.

Àmọ́ òwe wa mọ ohun mìíràn. Gbogbo wa la mọ èyí tí wọ́n ń pa pé, "Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́." Ó ní, "Òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀." A máa ń pa òwe yìí láti kọ́ ara wa pé kí a wá gbòǹgbò ọ̀rọ̀ kí a tó dájọ́. Ohun tí a kì í sábà kíyè sí ni pé amúkùn-ún inú òwe náà kò jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà pẹ̀lú abọ́. Ẹrù ló rù. Ó ń lọ sí ọjà tàbí ó ń ti oko bọ̀, iṣẹ́ ló ń ṣe bí àwọn ará ìlú yòókù. Àwọn tó ń wò ó ni kò rí ju pé ẹrù náà tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn baba tó ṣẹ̀dá òwe yẹn mọ̀ pé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dọ́gba lè ní ẹrù tirẹ̀ lórí, ó sì lè ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lẹ́nu láti fi dá àwọn aráyé lóhùn.

Ìsọjí àti ohun tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn rẹ̀

Ní oṣù kẹwàá 1928, Ọlọ́run pe Joseph Ayọ̀ Babalọlá nígbà tó ń wa rólà ìtẹ̀nà fún iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀nà. Ní 1930, ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooyè ní Iléṣà. Láti ibi gbogbo ní ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n ti gbé aláìsàn, afọ́jú àti arọ lọ síbẹ̀. Ìtàn ìjọ wa kò lè pé bí a bá yọ ọdún yẹn kúrò. Nínú rẹ̀ ni Ìjọ Àpọ́sítélì ti Kristi ti rí orísun rẹ̀, ẹ̀mí rẹ̀ sì wà lára àwa tí à ń pè ní Pẹ́ńtíkọ́sì títí di òní.

Àwọn ìtàn ìsọjí bẹ́ẹ̀ a máa sọ ti àwọn tó rí ìwòsàn, ó sì yẹ kí wọ́n sọ ọ́. Wọn kì í sábà sọ ti àwọn tó fi ọ̀pá wá, tí wọ́n sì fi ọ̀pá padà. Láti ibẹ̀ ni àṣà kan ti wọlé sí àárín wa láìjẹ́ pé ẹnì kan fi ọwọ́ sí i: a ń rò pé ayé irú ẹni bẹ́ẹ̀ dúró sójú kan di ọjọ́ tí Ọlọ́run yóò dáhùn. A kì í bi í léèrè iṣẹ́, nítorí a kò fẹ́ kí ó dà bí ẹni pé ìgbàgbọ́ ti tán. Ẹ wo ọjọ́ àjọ̀dún àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì. Olùkọ́ a bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí ni wọ́n fẹ́ dà. Ọ̀kan á ní dókítà, ọ̀kan á ní lọ́yà, ọ̀kan á ní pásítọ̀. Nígbà tó bá kan ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ, a ó gbé ọwọ́ lé e lórí, a ó ní, "Olúwa yóò wò ọ́ sàn." Àdúrà dáadáa ni, ṣùgbọ́n a kò tíì bi í ní ìbéèrè tí a bi àwọn yòókù.

Ẹ sì wo ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Orí iṣẹ́ ni Babalọlá wà nígbà tí ìpè dé bá a. Ẹni tí a kò jẹ́ kí ó ronú kan iṣẹ́ rí, báwo ni yóò ṣe mọ ohùn náà nígbà tó bá pè é?

Ọdún 1950 sí 1962: ilé ẹ̀kọ́ dé, iṣẹ́ dé

Ní oṣù kìn-ín-ní 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ wọ ilé ìwé tìlù-tìfọn, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò ríran tàbí tí kò gbọ́ràn kò ní bẹ́ǹṣì tirẹ̀ nínú kíláàsì náà. Àwọn ìjọ àti àwọn ẹlẹ́yinjú àánú ló kọ́kọ́ dí àlàfo yẹn. Ìjọ ajíhìnrere ti dá ilé ìwé afọ́jú sílẹ̀ ní Gindiri, ní agbègbè Jos, ní 1953. Ní 1955 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Federal Nigeria Society for the Blind sílẹ̀ ní Èkó, ibùdó ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní Oshodi. Ilé ìwé Wesley fún àwọn adití bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1958. Ìjọ Kátólíìkì ṣí Pacelli fún àwọn ọmọ afọ́jú ní Sùúrùlérè ní 1962.

Ohun ńlá ni wọ́n ṣe. Ẹni tí ojú rẹ̀ fọ́ lẹ́yìn tó ti dàgbà dé Oshodi, ó kọ́ bí a ti ń fi ìka ka Braille, bí a ti ń fi ọ̀pá rìn, bí a ti ń tẹ táípì, àti iṣẹ́ ọwọ́. Ẹni tó rò pé ayé òun ti parí bọ́ sínú ọ́fíìsì, ó ń gba owó oṣù. Àwọn ọmọ Pacelli lọ sí ilé ìwé gíga pẹ̀lú àwọn tó ríran, wọ́n sì dá wàhálà sílẹ̀ fún àwọn tó ti pinnu pé afọ́jú kò lè mọ̀wé.

Síbẹ̀, nínú ìkọ́ṣẹ́ irú èyí, kì í ṣe ní ilẹ̀ wa nìkan, àkọsílẹ̀ iṣẹ́ tí a gbà pé ó yẹ àkàndá ẹ̀dá a máa kúrú: agbọ̀n híhun, ẹní híhun, àga ṣíṣe, táípì, tẹlifóònù dídáhùn. Iṣẹ́ tó níyì ni wọ́n, kò sí ẹ̀gàn níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹni tó ríran ló kọ àkọsílẹ̀ náà. Ìbéèrè tí ó fi kọ ọ́ ni, "Kí ni irú ènìyàn yìí lè ṣe?" Ìbéèrè náà dára ju ti àtijọ́ lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n kò tíì di, "Kí ni Ọlọ́run pe ìwọ sí?"

Andrew Foster: adití tó gba ìpè

Ẹni tó mú ìbéèrè kejì yẹn wá sí ilẹ̀ wa, adití ni òun fúnra rẹ̀. Ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ni Andrew Foster. Wọ́n bí i ní ìpínlẹ̀ Alabama ní 1925. Àìsàn awọ ọpọlọ ló sọ òun àti arákùnrin rẹ̀ di adití nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 11. Ẹ̀kọ́ tí ìjọba Alabama là sílẹ̀ fún ọmọ aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ adití kò gbé e kọjá kíláàsì kẹfà. Ó lọ sí Detroit, ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ó sì ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Níbẹ̀ ni ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ míṣọ́nárì kan, tí ìpè fi wọ ọkàn rẹ̀ pé kí ó gbé ìhìnrere lọ bá àwọn tí kò gbọ́ràn.

Gallaudet, ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn adití ní Washington, kọ́kọ́ kọ̀ ọ́ nítorí àwọ̀ rẹ̀. Kò sinmi. Ó fi lẹ́tà kẹ́kọ̀ọ́ títí ó fi gba ìwé ẹ̀rí girama, Gallaudet sì gbà á ní 1951. Ní 1954, òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gboyè jáde níbẹ̀. Ní 1956 ó dá ẹgbẹ́ míṣọ́nárì tirẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn adití ilẹ̀ Áfíríkà. Ní 1957 ó dé ilẹ̀ Áfíríkà, ó sì bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé ní Accra nínú kíláàsì tí ó yá lò lẹ́yìn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́ràn bá ti lọ sílé. Ní 1960 ó dé Ìbàdàn, ó dá ilé ìwé adití sílẹ̀ níbẹ̀, Enugu àti Kaduna sì tẹ̀ lé e.

Kí a tó lè mọ ìtóbi ohun tó ṣe, a ní láti padà sí 1880. Ní ọdún náà, àwọn olùkọ́ adití ṣe àpérò ní Milan ní Ítálì, wọ́n sì pinnu pé ẹnu nìkan ni kí a máa fi kọ́ adití, kí a pa èdè ọwọ́ tì. Ìpinnu náà tàn ká Yúróòpù. Nítorí rẹ̀, ọ̀pọ̀ olùkọ́ tó jẹ́ adití pàdánù iṣẹ́ wọn, nítorí ẹni tí kò gbọ́ràn kò lè fi etí tọ́ ìsọ̀rọ̀ ẹlòmíràn sọ́nà. Ẹ wo bí ọ̀nà ìkọ́ni ti ń pinnu iṣẹ́ tí ènìyàn lè ṣe. Bí ẹnu nìkan bá ni èdè kíláàsì, akẹ́kọ̀ọ́ ni adití yóò jẹ́ títí láé. Bí ọwọ́ bá jẹ́ èdè kíláàsì, adití lè di olùkọ́, ó lè di ọ̀gá ilé ìwé, ó lè di oníwàásù.

Ọwọ́ ni Foster fi kọ́ wọn. Ilé ìwé àti ilé ìjọsìn ń rìn pọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀, Bíbélì àti ìṣirò wà lábẹ́ òrùlé kan. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ bá dàgbà, ó ń kọ́ wọn láti di olùkọ́ àti aṣáájú, a fi iṣẹ́ lé wọn lọ́wọ́, a sì lọ sí ibòmíràn. Ìbàdàn di ibi tí àwọn adití láti orílẹ̀-èdè mìíràn ní Áfíríkà ti ń wá gba ẹ̀kọ́ olùkọ́ni. Nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú tó wọ̀ já ní Rwanda ní ọjọ́ 3 oṣù kejìlá 1987, ilé ìwé tí ó ti dá sílẹ̀ ti lé ní 30, ní orílẹ̀-èdè 13. Adití ló kú gẹ́gẹ́ bí adití ló ti ṣiṣẹ́. Kò sí ọjọ́ kan tí etí rẹ̀ là kí ìpè rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀.

Èso iṣẹ́ náà kò mọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìkan. Ní 1977, ìjọba àpapọ̀ dá ilé ẹ̀kọ́ gíga fún àwọn olùkọ́ àkàndá ẹ̀dá sílẹ̀, èyí tó wà ní Ọ̀yọ́ di òní. Ọ̀pọ̀ ògbufọ̀ àti olùkọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ìjọ wa lónìí ti gba ibẹ̀ kọjá.

Àwọn tó kọjá àkọsílẹ̀

Àwọn mìíràn wà tí wọn kò gba ilé ẹ̀kọ́ kankan kí wọ́n tó mọ ohun tí wọ́n jẹ́. Benjamin Aderounmu, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Kòkòrò, ni wọ́n bí ní Ọ̀wọ̀ ní 1925. Ojú rẹ̀ fọ́ ní èwe. Ó dé Èkó, ó ń gbá ìlù pẹlẹbẹ onísaworo, ó ń kọrin ní òpópónà àti lórí rédíò títí di ọjọ́ ogbó rẹ̀; 2009 ló kú. Wọ́n ní òun ni Cyprian Ekwensi wò kó tó kọ ìwé The Drummer Boy tó jáde ní 1960. Ẹni tó bá rí i ní ẹ̀bá ọ̀nà lè sọ pé alágbe ni. Àwọn tó tẹ́tí sí i mọ̀ pé olórin ni, owó tí wọ́n sì ń fún un, owó iṣẹ́ ni.

Ti Yínká Ayéfẹ́lẹ́ sún mọ́ wa jù. Ọmọ Ìpótì-Èkìtì ni, iṣẹ́ rédíò ló ń ṣe. Ní ọjọ́ 12 oṣù kejìlá 1997, ìjàǹbá ọkọ̀ ba ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́, ó sì lo oṣù mẹ́sàn-án ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn. Ó dájú pé àdúrà kò wọ́n lórí ibùsùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó wá bẹ̀ ẹ́ wò sọ ohun tí kì í ṣe àdúrà: ó ní kí ó ṣe àwo orin ìhìnrere. Láti inú ìmọ̀ràn yẹn ni àwo Bitter Experience ti jáde. Orí kẹ̀kẹ́ ló ti ń kọrin láti ìgbà náà. Ó dá rédíò Fresh FM sílẹ̀ ní Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ẹsẹ̀ wọn pé ló sì ń jẹun lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rẹ́ yẹn. Ohùn ọkùnrin náà ni ó wò, kò wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ pásítọ̀ ni ó ṣe ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn yẹn, bóyá ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Iye ìgbà mélòó ni àwa òjíṣẹ́ máa ń jókòó sí irú ibùsùn bẹ́ẹ̀, tí a gbàdúrà, tí a fi owó díẹ̀ sábẹ́ ìrọ̀rí, tí a sì dìde láìbéèrè ohun tí ẹni náà lè fún ìjọ?

Ohun tí Ìwé Mímọ́ fi hàn wá

Bí ìtàn bá ti là wá lójú báyìí, a ó rí i pé Bíbélì ti sọ ọ́ ṣáájú. Nígbà tí Mósè ní ahọ́n òun wúwo, Ọlọ́run bi í pé ta ló dá ẹnu ènìyàn, ta ló ń dá odi àti adití àti afọ́jú (Ẹ́kísódù 4:10-16). Ó lè tú ahọ́n náà sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Kò sí ibi tí a ti kọ ọ́ pé ó ṣe bẹ́ẹ̀. Áárónì ni ó fún un, kí ó máa gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ sọ fún àwọn ènìyàn. Ìpè Mósè kò sún síwájú. Ògbufọ̀ ni wọ́n pèsè. Ìjọ tó bá ní adití tó sọ pé Ọlọ́run pe òun, tí kò sì ní ògbufọ̀, ìjọ náà ni kò tíì ṣe ipa tirẹ̀.

Ẹ tún wo Mẹfibóṣẹ́tì. Dáfídì ṣe é lóore, ó jókòó nídìí tábìlì ọba (2 Sámúẹ́lì 9). A máa ń wàásù lórí oore yìí gan-an. Ṣùgbọ́n Síbà ni wọ́n ní kí ó máa ro oko rẹ̀, Síbà náà ló sì lọ sọ ọ̀rọ̀ ní orúkọ rẹ̀ níwájú ọba, tó parọ́ mọ́ ọn, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kó gbogbo ohun ìní rẹ̀ lọ (2 Sámúẹ́lì 16:1-4). Nígbà tí ọkùnrin náà rí ààyè sọ tẹnu ara rẹ̀, ó ní òun fẹ́ di kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ní gàárì kí òun bá ọba lọ, ìránṣẹ́ òun ló tan òun jẹ (2 Sámúẹ́lì 19:26). Ẹni tí a ń bọ́, tí ẹlòmíràn ń sọ̀rọ̀ fún, inú ewu ló wà, bí tábìlì náà tilẹ̀ kún.

Nínú Jòhánù 9, àwọn ọmọ ẹ̀yìn fẹ́ mọ ẹni tó dẹ́ṣẹ̀ tí ọkùnrin náà fi di afọ́jú. Jésù kò gba ìbéèrè náà wọlé. A ṣì ń bi irú rẹ̀ lónìí, nígbà tí a bá ń wá orísun ẹsẹ̀ ọmọ kan lọ sí ìlà ìdílé bàbá rẹ̀, nígbà tó ṣe pé àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ló mú un. Àrùn yẹn ló rọ ọ̀pọ̀ àwọn tó ti di àgbàlagbà lónìí lẹ́sẹ̀. Àjẹsára ló sì lé e, títí tí wọ́n fi kéde ní oṣù kẹjọ 2020 pé irú rẹ̀ tó ti wà látilẹ̀wá ti kúrò ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹ tún kíyè sí àwọn aládùúgbò inú orí yẹn. Nígbà tí ojú ọkùnrin náà là, wọn kò dá a mọ̀ dájú; ohun tí wọ́n mọ̀ nípa rẹ̀ kò ju pé ó ń jókòó ṣagbe. Ẹni kan náà ló bá àwọn Farisí jiyàn ẹ̀kọ́ Ọlọ́run títí tí ọ̀rọ̀ fi pẹ́sẹ̀ jẹ. Ọgbọ́n yẹn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ní ọjọ́ tí ojú là. Ó ti wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó fi jókòó, kò kàn sí ẹni tó bi í ní nǹkan kan.

Arọ tó wà ní ẹnu ọ̀nà Dáradára nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 3 pẹ̀lú ní àwọn ènìyàn rere tó ń gbé e lójoojúmọ́. Agbára wà ní apá wọn, àánú sì wà ní ọkàn wọn. Ibi tí wọ́n ń gbé e lọ ni ó yẹ kí a yẹ̀ wò: ìta tẹ́ḿpìlì, láti tọrọ. Apá tó lè gbé e dé ẹnu ọ̀nà lè gbé e wọlé.

Ní Mowe, Ibafo àti Ifo

Òfin ilẹ̀ ti ṣáájú wa nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù kìn-ín-ní 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari fi ọwọ́ sí òfin tó ka ìyàsọ́tọ̀ àkàndá ẹ̀dá sí ẹ̀ṣẹ̀. Òfin náà ní kí wọ́n ní ó kéré tán ìdá 5 nínú 100 ààyè iṣẹ́, ó sì fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún 5 láti tún ẹnu ọ̀nà wọn ṣe kí kẹ̀kẹ́ arọ lè wọlé. Ọdún 5 náà ti pé ní 2024. Kí olúkúlùkù pásítọ̀ wo pẹpẹ ìjọ rẹ̀. Bí àtẹ̀gùn márùn-ún bá wà níwájú rẹ̀ tí kò sì sí ibi tí kẹ̀kẹ́ lè gbà, ilé náà ti sọ ẹni tí kò lè wàásù níbẹ̀ kí ìgbìmọ̀ tó jókòó.

Àwọn kan máa ń tọ́ka sí Léfítíkù 21, níbi tí ẹni tó ní àbùkù lára kò ti gbọdọ̀ súnmọ́ pẹpẹ láti rúbọ. Òfin àlùfáà ìdílé Áárónì ni, àwa tó sì gbàgbọ́ pé Kristi ti rúbọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò rú irú ẹbọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Bí a kò bá lo ìwé Léfítíkù láti mọ ẹran tí a ó jẹ àti aṣọ tí a ó wọ̀, kí ló dé tí a fi ń rántí rẹ̀ nígbà tí afọ́jú bá gba fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì? Pọ́ọ̀lù bẹ Olúwa ní ẹ̀ẹ̀mẹta nípa ẹ̀gún tó wà lára rẹ̀ (2 Kọ́ríńtì 12:7-9). Ẹ̀gún náà dúró, iṣẹ́ àpọ́sítélì rẹ̀ náà sì dúró.

Ohun tí ìtàn yìí béèrè lọ́wọ́ wa ní agbègbè wa kò kọjá agbára ìjọ kékeré. Àwọn télọ̀, àwọn tó ń ṣe bàtà, àwọn tó ń tún fóònù ṣe, àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì, wọ́n kún inú ìjọ wa láti Ifo dé Ibafo. Pásítọ̀ tó bá mọ wọn lórúkọ lè mú ọ̀dọ́ tí kò gbọ́ràn lọ bá ọ̀kan nínú wọn láti kọ́ṣẹ́, kí ó sì máa yọjú sí wọn bí ó ti ń yọjú sí aláìsàn. Ìjọ méjì tàbí mẹ́ta lè para pọ̀ rán ẹnì kan lọ kọ́ iṣẹ́ ògbufọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì lè gba afọ́jú láàyè láti fi fóònù tó ń kàwé sókè kẹ́kọ̀ọ́, kí ó sì dáhùn ìdánwò lẹ́nu. Ọ̀ràn iye owó ni àwọn kan nínú èyí, ṣùgbọ́n ohun tó ṣáájú wọn kò ní iye: kí a bi ẹni náà léèrè.

Nítorí Jésù béèrè. Bátíméù afọ́jú ké, àwọn èrò ní kí ó panu mọ́. Olúwa dúró, ó ní kí wọ́n pè é wá, ó sì bi í pé kí ni ó fẹ́ kí òun ṣe fún un (Máàkù 10:46-52). Gbogbo ènìyàn tó wà níbẹ̀ lè sọ pé ìdáhùn ti hàn kedere. Òun kò dáhùn fún un. Ó dúró kí ọkùnrin náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ẹni tí yóò jókòó níwájú yín ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, pẹ̀lú ọ̀pá funfun tàbí lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, lè fẹ́ ìwòsàn. Ó sì lè jẹ́ pé ó fẹ́ di olùkọ́, tàbí kí ó máa tà ní ọjà Ifo, tàbí kí ó dúró sí ibi tí ẹ dúró sí yẹn kí ó wàásù. Ẹ kò lè mọ̀ títí ẹ ó fi bi í.